Postdoc ní national lab àbí ní yunifásítì, èwo ni kí n mú?

OmoKemisiri:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń parí PhD mi lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà níbí, iṣẹ́ bátìrì lithium ni mò ń ṣe. Ọ̀gá kan ní Argonne, national lab (ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀) kan nítòsí Chicago, fẹ́ kí n wá ṣe postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn PhD, lọ́dọ̀ àwọn, yunifásítì kan sì ti pè mí pẹ̀lú. Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde ò yéé bi mí pé ṣé mi ò tíì kàwé tán ni. Tí mo bá lọ sí lab, ṣé mo ṣì lè padà di olùkọ́ yunifásítì? Ṣé wọ́n sì máa ń gbani síṣẹ́ pátápátá níbẹ̀?

EgbonBeamline:
Àbúrò, o kú oríire. Mo ti ṣe é rí níbẹ̀, ẹ̀rọ X-ray ńlá wọn gan-an ló ń múni lọ. Mi ò lè gbàgbé òru kan, aago mẹ́ta ti lù, mo wọnú yàrá tí wọ́n fi òjé bo ara ẹ̀, mo yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò pé kò séèyàn, mo tẹ bọ́tìnì, alámù ń ké, mo jáde, a ti ilẹ̀kùn, a ṣí X-ray sílẹ̀, la bá ń wo bátìrì tó ń gba iná lójú wa, ìlà orí kọ̀ǹpútà ń sún díẹ̀díẹ̀ bí lithium ṣe ń jáde. Orí mi wú!

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, iṣẹ́ àwọn àlejò tó ń wá lo ẹ̀rọ lè gba gbogbo àsìkò ẹ, orúkọ ẹ á kàn wà láàárín èèyàn méjìlá lórí pépà, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó o fọwọ́ kàn. Kó o tó fọwọ́ síwèé, bi ọ̀gá yẹn pé iṣẹ́ wo ló máa jẹ́ tìẹ.

IyaIbejiTN:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Oak Ridge, national lab míì ní Tennessee, lèmi wà. Bèèrè kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ náà. Ní 2023 wọ́n pa APS, ẹ̀rọ X-ray ńlá ti Argonne, fún bí ọdún kan kí wọ́n lè yọ àwọn magnet àtijọ́ kí wọ́n to tuntun, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ṣáájú, àmọ́ ẹni tí postdoc ẹ̀ ò ju ọdún méjì lọ, ìdajì ẹ̀ nìyẹn.

Ti iṣẹ́ pátápátá, má gbára lé e, owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń ná. Ti olùkọ́, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò sí kíláàsì ní lab, torí náà ní kí wọ́n fún ẹ láwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó o máa kọ́ wọn. Tètè fi ìwé ẹ sílẹ̀ o, àyẹ̀wò àwa tá a kì í ṣe ọmọ ìlú kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé máa ń pẹ́. Àwọn iṣẹ́ kan ní Los Alamos, national lab míì, ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà.

OmoKemisiri:
Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun sà. Lọ́la ni màá bi ọ̀gá náà. Mà, tí mo bá wà ní Argonne, ṣé mo ṣì lè wá lo ẹ̀rọ neutron tó wà lọ́dọ̀ yín ní Oak Ridge?

IyaIbejiTN:
O lè wá dáadáa. Kọ proposal, ìwé tí wàá fi tọrọ àsìkò lórí ẹ̀rọ náà, lórúkọ ara ẹ, kì í ṣe tọ̀gá. Tí wọ́n bá gbà á, ọ̀fẹ́ ni, níwọ̀n ìgbà tó o bá ti máa gbé èsì ẹ̀ jáde fáráyé. Neutron máa ń rí lithium dáadáa ju X-ray lọ, bátìrì ẹ nílò ẹ̀.