Owó sọ́bsídì tí Tinubu yọ lọ́jọ́ ìbúra, ibo ló wà l'Ákùúrẹ́ wa yìí?

ỌmọỌjàỌba: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n búra fún Tinubu l'Ábújá, ó ní sọ́bsídì epo bẹntiróò, owó tí ìjọba ń san kí epo má bàa wọ́n, ti lọ, ó tún ní kí iye náírà tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Kò pé rárá, epo tí à ń rà ní bíi 190 náírà lítà kan ti lé ní 500. Ó ní owó yẹn máa lọ sí ojú ọ̀nà, ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́. Èmi ò ní kí wọ́n má yọ ọ́ o, àwọn tó ń gbé epo wa sọdá bọ́dà ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n màmá mi ń ta gàrí, owó ọkọ̀ tó fi ń kó àpò wọlé ti ń jẹ èrè ẹ̀ tán. Owó ọ̀hún dà?

Àgbẹ̀Ìdànrè: Ti dọ́là yẹn ṣe wá lóore o, ká sòótọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ná kòkó lókè òkun, nígbà tí náírà wá já tí tọ́ọ̀nù kan sì kọjá 10,000 dọ́là ní 2024, àwọn kan kọ́lé níbí. Àmọ́ oògùn tí à ń fín sí kòkó, owó lébìrà, gbogbo ẹ̀ ló bá a gòkè, kòkó wá já wálẹ̀ ní 2025, oògùn ò já.

TíṣàOǹdó: Ẹ̀yin àbúrò mi, Abuja nìkan kọ́ lẹ máa bi. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ sọ́bsídì, owó tí ìpínlẹ̀ àti kańsù ń pín lóṣooṣù pọ̀ sí i gidi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ọ́ ní 11 oṣù keje 2024 pé kí owó kańsù máa lọ sọ́wọ́ kańsù tààrà, kí gómìnà kankan má dì í mú. Kańsù 18 ló wà l'Óǹdó. Ẹ lọ bá tiyín, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìnáwó hàn yín, gọ́tà wo, ilé ìwòsàn wo. Owó oṣù tó kéré jù tó di 70,000 ò tó nǹkan tí èèyàn ń ná lórí ọkọ̀ àti oúnjẹ, torí náà iṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ hàn.

ỌmọỌjàỌba: Ẹ ṣé gan-an mà. Màá bá ìyálọ́jà wọn sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọjọ́ tí kánsẹ́lọ̀ máa ń wà lọ́fíìsì?