Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ ìpànìyàn àbúrò mi

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́. Kóòtù ti dájọ́ ikú fún àbúrò mi, a ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ọjọ́ 90 tó pé. Mo mọ̀ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé ẹni tí wọ́n ní àbúrò mi pa kú lóòótọ́, pé ohun tí àbúrò mi ṣe ló pa á, pé ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ni, tí ọ̀kan bá yẹ̀ ẹjọ́ ti tú nìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tọ́rọ̀ náà ṣojú ẹ̀, dókítà ò jẹ́rìí, stéétímẹ́ǹtì ìjẹ́wọ́ tí àbúrò mi fọwọ́ sí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n gbára lé, àbúrò mi sì sọ ní kóòtù pé wọ́n lu òun kóun tó fọwọ́ sí i, àdájọ́ ò tiẹ̀ yẹ ìyẹn wò kó tó gbà á wọlé! Ṣé section 29 Evidence Act 2011 (òfin ẹ̀rí tó ní kóòtù ò gbọ́dọ̀ gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fipá gbà lẹ́nu ẹni) ni ká dì mú jù, àbí àìsí ẹ̀rí dókítà?