Two storey, first floor: ilé mélòó gan-an l'àbúrò mi ní ká kọ́?

OmoEgba_Lafenwa:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lọ́wọ́ òyìnbó. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló ń fowó ilé ránṣẹ́, èmi ni mo ń bójú tó iṣẹ́ níbí. Ó ní two-story house lòun fẹ́, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà, bíríkìlà kọ iye owó wá, nígbà tí àbúrò mi máa rí i ló figbe ta pé ṣé hòtẹ́ẹ̀lì la fẹ́ kọ́ ni. Àṣé ìsàlẹ̀ kan àti òkè kan ló wà lọ́kàn tiẹ̀. Bíríkìlà ò tiẹ̀ ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, òkè méjì ló tò lé e lórí.

Ìyẹn la rí yanjú, òmíràn tún dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí lórí WhatsApp pé "floor ńkọ́, ṣé ẹ ti ṣe é?" Mo bi bíríkìlà, ó ní àwọn ti ṣe floor tán látọjọ́ Tuesday. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́, kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ewúrẹ́ kan tiẹ̀ ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígun kan kó tó gbẹ. Àbúrò mi ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ lẹ yà ránṣẹ́ yìí, floor ni mo ní." Mo ní ṣé ilẹ̀ kọ́ ni floor ni? Ta ló jẹ̀bi nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Birikila_Osogbo:
Ọ̀gá mi, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, floor ju ẹyọ kan lọ. Èyí tẹ́ ẹ yà yẹn là ń pè ní German floor, ẹ má bi mí pé kí ló kan àwọn ará Jámánì níbẹ̀, bá a ṣe bá a lẹ́nu àwọn ọ̀gá wa nìyẹn. Tí fáúndéṣọ̀n bá ti yọ sókè, a máa da yẹ̀pẹ̀ kún inú ẹ̀, a máa gún un kó le dáadáa, ká tó wá da kọnkéré lé e. Tá a bá ti kan páànù tán tá a ti rẹ́ ògiri, a tún máa ṣe flooring, ìyẹn yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tá a máa ń fi igi fà kó tẹ́ kí onítáìsì tó dé. Èyí tí àbúrò yín ń bèèrè, dẹ́kìn nìyẹn, kọnkéré tí ẹni tó bá wà lókè máa fẹsẹ̀ tẹ̀: kápẹ́ńtà á kan pákó, wọ́n á fi igi tì í lábẹ́ káàkiri, a ó to írọ̀n, ká tó da kọnkéré. Tó bá tún ti pe floor, ẹ bi í pé ṣé German ni àbí dẹ́kìn.

Ti two storey yẹn, bá a ṣe ń kà á náà nìyẹn. Bọ́ńgálò ò ní storey kankan, one storey ni ilé olókè kan. Fáúndéṣọ̀n òkè kan àti tòkè méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ o, pílọ̀ àti írọ̀n inú ẹ̀ á yàtọ̀, ibẹ̀ lowó yẹn ti fò sókè.

IyaIbeji_Peckham:
Ẹ wá gbọ́ tèmi ní London. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Chicago wá kí wa, mo ní first floor la wà. Aago mẹ́fà àárọ̀, baba bá lọ ń gbá ilẹ̀kùn ará ìsàlẹ̀ wa gbàmgbàm. Torí lọ́dọ̀ tiwọn, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni first floor, ti ibí ground floor ló ń jẹ́, òkè àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ first. Nínú líìfù níbí, G tàbí 0 lẹ máa tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde sí títì, tìwọn á kọ 1 tàbí L. Mo ṣì ń bá ará ìsàlẹ̀ yẹn tọrọ àforíjì títí dòní 😂

Ṣùgbọ́n tó bá ti di storey, òyìnbó méjèèjì ṣọ̀kan o, wọ́n á ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Àwa nìkan la yà síbẹ̀.

TisaAgba:
Mama Ìbejì ti sọ ọ́. Àwọn ará Britain ń kọ ọ́ pẹ̀lú e, storey, Amẹ́ríkà ń kọ story, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe ìtàn. Àwọn onímọ̀ èdè kan tiẹ̀ rò pé láti ara àwòrán ìtàn tí wọ́n máa ń yà sí iwájú ilé láyé àtijọ́ ló ti wá.

Ẹ wo ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì tí wọ́n parí ní 1845, "first storey building in Nigeria" là ń pè é. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gẹ̀ẹ́sì, á ní ṣé ilé tó kù nígbà yẹn ò ní storey ni, torí bọ́ńgálò lásán, single-storey ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì làwa ní lọ́kàn, upstairs la sì ti yọ ìyẹn náà.

Floor ò mọ sí ilé nìkan o. Aṣòfin tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, floor ni wọ́n ń fún un. Èyí tó bá fi ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún, àwọn ará Britain á ní ó cross the floor, àwa ní ó cross carpet, pàápàá látìgbà ariwo ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn n'Ìbàdàn lẹ́yìn ìbò 1951. Ọmọ Nàìjíríà ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé floor òyìnbó lórí.

Jagunlabi:
Dance floor nìkan lèmi mọ̀ o jàre. Eutiku tó ń sùn tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù, tó já bọ́ látòkè kẹta, ṣé second floor ló wà àbí third? Kí bíríkìlà dá mi lóhùn.

Birikila_Osogbo:
@Jagunlabi tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ, two storey ni. Fèrèsé yẹn ì bá sì ní bọ́gílárì.

OmoEgba_Lafenwa:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe àbúrò mi, mi ò jẹ́ kí òyìnbó kankan dé ẹnu mi, mo ní "ìsàlẹ̀ kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó tán. Ó wá ní kí n sọ fún bíríkìlà pé second floor ni kí wọ́n fi yàrá òun sí. Mo pa fóònù.