Kí ló dé tí wàrà fi wọ́n báyìí ní gáà Ṣakí?

Ìyá Oníwàrà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó Fúlàní ní gáà kan lẹ́yìn Ṣakí ni mo ti ń ra wàrà tí mò ń kó lọ Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni wàrà máa ń wọ́n. Ní báyìí, òjò ti rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ igbá wọn kì í kún. Wọ́n ní màlúù ò rí jẹ. Ewéko ló sì kún gbogbo igbó yẹn! Àbí wọ́n kàn fẹ́ fowó lé e ni?

Dókítà Ẹran:
Ìyá, ẹ tún ewéko yẹn wò. Bó bá jẹ́ ewé akíntọ́lá ni (àwọn kan ń pè é ní awólọ́wọ̀, ẹ má jẹ́ ká dá òṣèlú sílẹ̀), màlúù ò ní fẹnu kàn án. Koríko eruwà ni wọ́n ń wá. Bí ẹran bá sì ń jẹ ọ̀mùnú eruwà léraléra, gbòǹgbò rẹ̀ á joro, kò ní ráyè so, akíntọ́lá á gbalẹ̀. Iná tí wọ́n ń dá sí igbó tún wà níbẹ̀. Iná oṣù kọkànlá kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ti oṣù kejì ló ń jó igi kéékèèké pa.

Ọmọ Gáà:
Ìyá, a ò fowó lé e o. Ibi tí bàbá mi ti ń da ẹran ní kékeré mi ti di oko kajú. Ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Gbogbo agbo wá há sójú kan. Àwọn tó ń sun èédú gé igi ayín, wọ́n gé igi èmí. Igi àpá tó kù, àwa fúnra wa la gé ewé rẹ̀ fún ẹran títí tó fi kú. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti 2019 ní ká má da ẹran kiri ní gbangba mọ́. Ó dáa, kí ni wọ́n máa jẹ lójú kan?

Owó wàrà, ti ìyá wa ni. Òun ló fi ń ra àgbàdo àti iyọ̀. Bí wàrà ò bá sí, bàbá á ta màlúù. Abo ló ń tà báyìí. Àbúrò mi ti lọ ń gun ọ̀kadà n'Ísẹ́yìn.

Ìyá Oníwàrà:
Abo kẹ̀? Èyí tó ń bímọ? Ó mà ṣe o. Èèpo ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Àwọn onígààrí àdúgbò wa ń dà á nù ni.

Dókítà Ẹran:
Ó dáa gan-an, àmọ́ kí wọ́n sá a gbẹ; tútù rẹ̀ ní májèlé. Kí wọ́n fi ewé ẹ̀pà gbígbẹ kún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní mú kí eruwà padà wá. Àfi kí wọ́n fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, kí oníkajú àti onímàlúù jọ jókòó níwájú baálẹ̀.

Ọmọ Gáà:
Baálẹ̀ ti pè wá rí. Oníkajú ni kò yọjú.