Ọ́fíìsì ń kó kúrò ní Broad Street lọ Ìkẹjà: kí lojú yín ti rí nídìí wáyà nẹ́tíwọ̀kì?

Àdùkẹ́ Admin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ́fíìsì ẹni 40 fẹ́ kó lọ sí Ìkẹjà. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat5e ló wà ní Broad Street, Cat6 tó jù ú lọ la fẹ́ fà síbi tuntun. Oníṣẹ́ méjì ti kọ iye wá, ti ọ̀kan ò ju ìdajì ti èkejì lọ. Ibo ni irú iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́?

Bàbá Rack
Àǹtí, ẹ ka ojú wáyà kẹ́ ẹ tó ka owó. Tábìlì 40, méjì-méjì: 80. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 4, kámẹ́rà 8, Wi-Fi ara àjà 4. Ó di 96. Patch panel (pátákó tí gbogbo wáyà ń parí sí) olójú 24 mẹ́rin gbà á géérégé. Géérégé yẹn gan-an ni wàhálà, torí kò ṣẹ́ku ojú kan fún ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ lẹ́yìn Kérésì. Ẹ ra márùn-ún.

Oníṣirò
Tí wáyà kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mítà 35, 96 lọ́nà 35 jẹ́ 3,360. Mítà 305 ló wà nínú páálí kan. Páálí 11 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nìyẹn.

Bàbá Rack
Wọn kì í pín in bẹ́ẹ̀, àbúrò. A kì í so wáyà nẹ́tíwọ̀kì lágbedeméjì. Páálí kan á bí mẹ́jọ, mítà 25 á ṣẹ́ kù tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. 96 pín sí 8, páálí 12. Ẹ ra 13. Ẹni tó ń fà á máa gé ọ̀kan kúrú, dandan ni.

Ọmọ Computer Village
Iye tó jẹ́ ìdajì yẹn, alumíníọ̀mù ni. Mo lè búra.

Ìyá Ìbejì
Alumíníọ̀mù bíi ti ìkòkò? Ṣebí wọ́n kọ Cat6 gàdàgbà sára páálí.

Ọmọ Computer Village
Ìyá mi, kò sí ohun tí wọn ò lè kọ sára páálí. CCA ni wọ́n ń pè é: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ gbé páálí méjèèjì wò, èyí tó fúyẹ́ ti tú àṣírí ara ẹ̀. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ bó ìrù wáyà kan, ẹ fi bíléèdì ha á. Bàbà gidi pupa dénú, ayédèrú á funfun lábẹ́ bíléèdì. Ẹ ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn, kíá ló máa já. Iná ò rọrùn láti gba inú ẹ̀ kọjá bíi bàbà, nítorí náà tí switch (àpótí tó so gbogbo ẹ̀rọ pọ̀) bá ń gba inú wáyà yẹn gbé iná fún kámẹ́rà, wáyà á gbóná, iná á sì máa rẹ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, tí kámẹ́rà tan iná tó fi ń ríran nínú òkùnkùn, iná tó ń fà á pọ̀ sí i. Á kú, á jí, á tún kú.

Wàhálà Ọ̀fẹ́
Kámẹ́rà tó ń sùn lálẹ́ bí ọlọ́dẹ 😂😂

Àìgbàgbọ́
Ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ṣọ́ọ̀bù tó ń lo CCA pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Computer Village
Mítà mélòó?

Àìgbàgbọ́
10. 15.

Ọmọ Computer Village
Ẹ ti dá ara yín lóhùn. TIA-568 tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ yìí ò gbà á rárá, bó ti wù kó kúrú.

Ẹ̀gbọ́n Mushin
Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi Cat6 ṣe? Cat5e ń gbé 1 Gbps (ìwọ̀n ìyára ni) dé mítà 100. Íntánẹ́ẹ̀tì yín dé ìdá mẹ́wàá ẹ̀ ni?

Bàbá Rack
Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ló ń gba inú wáyà. Fáìlì tó ń ti server, kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń kó fáìlì sí, bọ̀ ńkọ́? Owó àtifà ló ń dunni jù, ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n san án. Àmọ́ kí oníṣẹ́ má tan yín: Cat6 ò gbé 10 Gbps kọjá nǹkan bíi mítà 55. Ẹni tó fẹ́ ẹ dé 100 kó ra Cat6A, ó sì nípọn, trunking (ike tí wáyà ń gba inú ẹ̀) tẹ́ ẹ ti rà lè má gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Mushin
Ẹ ò tíì yí mi lọ́kàn padà.

Oníná Mẹ́jọ
Ẹ fi alumíníọ̀mù sílẹ̀ díẹ̀. Orí wáyà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Wáyà tíńtín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Bí Ètò B ṣe ń to àwọ̀ wọn sí orí rèé, láti ẹsẹ̀ 1 dé 8: funfun-ọ́rẹ́ńjì, ọ́rẹ́ńjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-búráùn, búráùn. Ẹni tí kò mọ̀ á kó ọ́rẹ́ńjì méjì, gíríìnì méjì, búlúù méjì, búráùn méjì jọ, ó sì dùn ún wò. Tó bá to orí kejì bẹ́ẹ̀, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tester kékeré á tàn létòlétò. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ 3 àti 6 tó yẹ kó lọ́ mọ́ra ti bọ́ sára wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ariwo á máa wọlé, wáyà gígùn ò ní gbé 1 Gbps. Ẹ ní kí wọ́n fi tester gidi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kó èsì gbogbo ojú 96 fún yín. Wọn ò sì gbọdọ̀ tú lílọ́ rẹ̀ kọjá mílímítà 13.

Wàhálà Ọ̀fẹ́
Ètò A ńkọ́?

Oníná Mẹ́jọ
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Kí orí méjèèjì ṣáà bára mu.

Àdùkẹ́ Admin
Ṣé a lè fa Cat5e àtijọ́ jáde ká tún un lò?

Bàbá Rack
Fífà yẹn á ti bà á jẹ́, gígùn ẹ̀ ò sì ní bá ilé tuntun mu. Rack (férémù tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí), switch àti patch panel ni kẹ́ ẹ kó. Ẹ ya fọ́tò wọn níwájú àti lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó yọ nǹkan kan.

Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀
Kẹ́ ẹ tó pe ọkọ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín, fíbà lè má tíì dé òpópónà yẹn. Inverter náà: kámẹ́rà 8 lọ́nà wáàtì 15.4, Wi-Fi 4 lọ́nà 30, ó lè dé wáàtì 243 lórí switch nìkan. Wáyà iná NEPA ò gbọdọ̀ bá ti nẹ́tíwọ̀kì sùn nínú trunking kan náà. Tí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Àdùkẹ́ Admin
Mo ti fi bíléèdì sínú báàgì. Ẹ ṣeun. Àjà ibẹ̀ POP ni o, ta ni yóò tún un ṣe tí wọ́n bá dá a lu?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó gun àkàbà.