Ibi tí ọ̀rọ̀ JAMB mi parí sí

Òkun o, ẹ̀yin ará. Mo bi yín lọ́dún tó kọjá bóyá kí n gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fún mi, tàbí kí n jókòó sílé ní Kàbà, kí n tún JAMB ṣe nítorí ẹnjiníà. Mo dúró. Yunifásítì Ìlọrin ti gbà mí!

Ìbéèrè 180 ni ìdánwò JAMB náà, wákàtí 2. Gẹ̀ẹ́sì ní 60, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n máàkì 100 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Máàkì ìbéèrè físíìsì kan pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì kan lọ, ibẹ̀ ni mo fi òru mi sí. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń di ẹrù.