Ta ló ń tún binọ́kúlà ṣe l'Òṣogbo? Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbéra o!

Àdùkẹ́_Ayétòrò: Ẹ kú ilé o. Òwìwí kan ni mo fẹ́ lọ wò ní erékùṣù Príncipe, kò sí níbòmíràn láyé. Binọ́kúlà mi ti bu, ojú òsì rí bí òwú aláǹtakùn. Ta lẹ mọ̀? Ẹ gbà mí.

Bàbá_Ìbejì: Ṣọ́ra o! Mo gbé tèmi fún ẹnì kan nígboro níbí. Ó ní wákàtí kan, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo gbà á, igi kan ń di méjì lójú mi. Bí mo bá mì ín, nǹkan ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú ẹ̀. Owó mi ò padà.

Ọmọ_Ọlọ́bu: Ṣé ẹni ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba yẹn?

Bàbá_Ìbejì: Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń dùn mí ni.

Mọ́ríà: Fi sínú ìrẹsì gbígbẹ.

Bàbá_Ìbejì: Ìrẹsì ń fa omi ni, ohun tó ti bu ò ní kúrò!

Mọ́ríà: Tèmi gbẹ, sà.

Ìyá_Òkèfìà: Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi òwìwí ṣe? Ẹyẹ òru ni o.

Tíṣà_Olúòde: Mọ̀mí, ẹ má dẹ́rù bà á. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹyẹ yìí lórúkọ, Otus bikegila. Bikegila ni ìnagijẹ ọmọ erékùṣù náà kan tó ń mú odídẹrẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹ̀ṣọ́ igbó. Igbó ìhà gúúsù nìkan ni ẹyẹ náà ń gbé. «Tuu» ló ń ké, bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí èkejì; takọtabo tún máa ń jọ ké. Àbúrò, etí àti tọ́ọ̀ṣì orí lo nílò, kì í ṣe binọ́kúlà.

Ọmọ_Ọlọ́bu: Káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ńkọ́? Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń ti erékùṣù São Tomé lọ sí Príncipe, dín ẹrù kù.

Àdùkẹ́_Ayétòrò: Ẹ ṣé gan-an. Káàdì ti wà. Tíṣà, àwọn ẹyẹ ọ̀sán náà wà nínú igbó yẹn tí mo fẹ́ rí, ìdí tí mi ò fi lè fi binọ́kúlà sílẹ̀ nìyẹn. Mo ti gbé e fún alágogo tó ń tún aago ọwọ́ ṣe níwájú ilé wa láàárọ̀. Ojú mi ló ṣe ṣí i, ó fi òwú nu ún díẹ̀díẹ̀. Igun kan ṣì ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe gbé e lọ.

Bàbá_Ìbejì: Alágogo kẹ̀?!